Omi Iná Bàbá Ìyìn

Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ kò gbé Fìdítì, kò sì mọ Bàbá Ìyìn. Omi kan wà lójúde bàbá yìí tí gbogbo àdúgbò bá ṣọ̀tá fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn kan, omi tó mọ́ tónítóní, tó tutù, tí kò ní òórùn, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ fi ẹnu kàn án. Ẹ bá mi wò ó.

Nathaniel Adégòkè ni orúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Ìyìn, ti bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà. Ó máa ń pe bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, á béèrè ìlera, á ní òun ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Beatrice ìyàwó rẹ̀ nìkan ló máa ń pè é ní Àlàní, àti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Beatrice, kò sẹ́ni tó pe Àlàní mọ́ nínú ilé yẹn. Orúkọ ènìyàn lè kú kí ẹni tó ń jẹ́ ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ kò tíì bá, ẹ máa dúpẹ́.

Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ló pa Beatrice, inú omi kànga ojúde wọn náà sì ni ibà yẹn ti wá. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì nìyẹn, pípa kòkòrò inú omi. Yàrá ìwádìí kan ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná pa kòkòrò tí ojú kò lè rí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fọ omi ẹlòmíràn mọ́, àṣé kòkòrò ti gba ẹ̀yìn wọlé rẹ̀. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní mi orí? Nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ da ẹ̀rọ àtijọ́ kan nù, ó tọrọ rẹ̀, ó tún un ṣe, ó gbé e wá sí Fìdítì, ó sì so ó mọ́ kànga náà. Ó ní òun kò lè jí Beatrice dìde, ṣùgbọ́n omi ojúde òun kò tún ní pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀, nítorí bàbá náà fẹ́ràn àlàyé ju oúnjẹ lọ. Páńpù máa ń fa omi láti inú kànga, á sì gba àárín irin pẹlẹbẹ méjì kọjá, irin tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kò lè wọ àárín wọn. Ẹ̀rọ náà á kó iná sólà jọ díẹ̀díẹ̀, á wá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láàárín irin méjèèjì, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti parí. Á tún kó òmíràn jọ, á tún tú u. Omi kò ní gbóná. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀, iná náà á lu ara rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, inú rẹ̀ á jò dànù, á sì kú. Iná kì í bá omi jáde. Bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, kẹ́ kẹ́ kẹ́ ni ẹ máa gbọ́, bí ẹni ń fi èékánná lu páànù.

Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, ojúde yẹn kì í dá. Láti ìdájí ni korobá ti ń kan ara wọn, tí àwọn obìnrin ń du okùn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ẹni tó wá pọn omi máa gbàgbé omi síbẹ̀ tí á máa sọ ti ọkọ rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, Sàúdátù ni àgbà, ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì márosẹ̀. Ìyá Mùbárákà ni wọ́n ń pè é. Òun àti Beatrice ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà ọmọge. Ọ̀kan ń lọ mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwo oúnjẹ wọn kò sì mọ ìyàtọ̀.

Lẹ́yìn tí Beatrice kú, Ìyá Mùbárákà kò yéé wá. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, á gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dé, á jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ọsàn kò tà. Orúnkún ń dùn ún. Mùbárákà, ọmọ rẹ̀ kan tó wà ní Ìlọrin, kò jẹ́ kó sinmi, ó ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, bẹ́ẹ̀ Ìlọrin kọ́ ni òun ti fẹ́ di arúgbó. Á wá wo bàbá náà láti òkè délẹ̀, á ní, ẹ ò tíì jẹun. Òun náà á ní hùn-ún. Kò ju hùn-ún yẹn lọ tí ó ń dá lóhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ń bá a sọ lójúmọ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé òun ń jẹ ẹ́ bí oúnjẹ, àfi ìgbà tó tán.

Ọjọ́ tó máa ṣí ẹ̀rọ náà, ó pe àdúgbò jọ. Ó wọ kóòtù funfun ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́. Ó fi abọ́ gíláàsì pẹlẹbẹ méjì hàn wọ́n. Èyí tí wọ́n kán omi kànga sí ti hu ìdọ̀tí tótòtó, èyí tí wọ́n kán omi ẹ̀rọ sí mọ́ kedere. Ó ṣàlàyé títí oòrùn fi gun orí. Lẹ́yìn náà ni ó bu omi sí kọ́ọ̀bù fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì ń wò wọ́n bí ó ṣe máa ń wo iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i. Ó yí padà kó lọ pa ẹ̀rọ. Nígbà tó máa fi padà dé, kọ́ọ̀bù ti ṣófo, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri sì ti tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀.

Bí ojúde ṣe dá nìyẹn o. Amos ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní òun fojú ara òun rí wáyà tó wọ inú omi, àbí ẹni tó fi ẹsẹ̀ tútù tẹ wáyà rí, ṣé ó padà wá ròyìn? Àwọn kan ní omi náà máa ń ta ni lẹ́nu. Àwọn aboyún ń gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kọjá. Omi iná ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè. Ẹlòmíràn á fa korobá lọ sí kànga ìsàlẹ̀ ìlú, tí odi rẹ̀ ti ya, tí ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, á sì gbádùn rẹ̀.

Bàbá Ìyìn wá ọgbọ́n dá. Ó rò pé àmì tí òun kùn sára àpótí ẹ̀rọ ni, nítorí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́, ó ti fi ọ̀dà pupa kọ EWU, ó sì ya agbárí òkú sí i. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n wá mu omi, tó ya agbárí òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀! Ó ha á kúrò. Wọn kò wá. Ó bẹ pásítọ̀ kó kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù. Pásítọ̀ kéde, ìjọ ṣe àmín, wọ́n sì gba ọ̀nà kànga ìsàlẹ̀ ìlú lọ. Amos wá bá a níjọ́ kan, ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ pé kí bàbá kàn tú ẹ̀rọ náà kúrò, lọ́la tó bá mọ́ gbogbo ayé á ti padà. Bàbá Ìyìn mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé sípánà, ó fi sórí bóòtù, ó rántí bí Beatrice ṣe gbóná tó lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó sì gbé sípánà náà padà sínú ilé.

Ti gbogbo wọn kò dùn ún tó ti Ìyá Mùbárákà. Ó ń rí i láràárọ̀ tí ó ń kọjá níwájú ilé rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì lórí, tí ó ń tiro nítorí orúnkún. Á kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, á sì yára kọ ojú síbòmíràn. Ìwọ̀sí wo ló tún kù? Búlọ́ọ̀kù wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó lé e. Nígbà tó yá, bàbá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tan ẹ̀rọ náà kódà bí omi bá kún, nítorí kẹ́ kẹ́ kẹ́ yẹn sàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ ọ.

Ìgbà tí ọjọ́ mélòó kan kọjá tí kò rí i kó kọjá mọ́, Amos ló sọ fún un pé wọ́n ti gbé Ìyá Mùbárákà lọ sílé ìwòsàn ní Ọ̀yọ́. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni. Bàbá náà dìde lójú ẹsẹ̀. Ó rọ omi ẹ̀rọ sínú ìgò kan, ó wọkọ̀, ó sì ń gbàdúrà títí ó fi kọjá Ìlọrà àti Awẹ́. Ó ṣe tán láti bá a jà. Ó fẹ́ bi í pé kí ni òun fi ṣe é tó fi lọ ń mu omi ewúrẹ́.

Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti rù, wọ́n fa omi sí i lápá. Ìjà kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó, ó gbé ìgò náà sórí àga kékeré, ó sì sọ fún un pé omi tó mọ́ ni òun gbé wá. Obìnrin náà wo ìgò, ó wo ojú rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Bàbá Ìyìn, láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti dé, ta ló rí yín kí ẹ mu omi rẹ̀?"

Ó ní òun ń mu ún lójoojúmọ́.

"Nínú yàrá yín. Ṣé ó ṣojú wa ni? Ẹ pè wá jọ, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbé omi fún wa, ẹ ò tọ́ ọ wò. Ẹ kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹ ń wò wá. Beatrice kò gbé omi fún mi rí láyé tí kò kọ́kọ́ fi kan ẹnu tirẹ̀."

Ọmọ Yorùbá tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé bí onílé bá gbé omi fún àlejò, òun ló máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀? Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ ń ṣe é lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní yàrá ìwádìí, òfin àkọ́kọ́ ni pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu òṣìṣẹ́. Ó ti pa òfin náà mọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Bí ó bá ti wọ kóòtù funfun, ẹnu rẹ̀ ti padé nìyẹn. Gbogbo àdúgbò rí ohun tí kò ṣe, òun nìkan ni kò rí i.

Ó na ọwọ́ sí ìgò kó ṣí i. Nọ́ọ̀sì dé lórí rẹ̀, ó ní bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé omi yẹn kúrò, iṣẹ́ abẹ ń bọ̀ lọ́nà, ìfun ìyá ti lu, ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu níbí. Bàbá Ìyìn tí ó ń bẹ̀rù òfin sì gbé ìgò náà padà sínú àpò. Ìyá Mùbárákà ni iṣẹ́ abẹ ń dúró dè, òun kọ́. Bí ó bá ti yíjú sí i tí ó gbé ẹ̀ẹ̀kan mì péré lójú rẹ̀, ta ló máa mú un? Ó rò ó dé ilé. Ó rò ó nígbà tó ń jẹun. Ẹkún gbọ̀n ọ́n lórí oúnjẹ náà, kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló dé.

Nígbà tó tún padà lọ, ẹlòmíràn ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì náà. Nọ́ọ̀sì ló rí i tó ń di ògiri mú, ó yára sọ fún un pé kò sí aburú, iṣẹ́ abẹ ti yọrí sí rere, Mùbárákà ló wá gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìlọrin. Wọ́n ní kò ní padà sí Fìdítì mọ́, wọn kò lè jẹ́ kó máa dá gbé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì jókòó sórí pèpéle ìta fún ìgbà pípẹ́ kó tó wá ọkọ̀.

Láti ọjọ́ kejì, ní àkókò tí wọ́n máa ń pọn omi, ó ń jáde. Kò wọ kóòtù, kò wọ ìbọ̀wọ́. Á bu omi láti ẹnu ẹ̀rọ, á dúró sí ojúde gbangba, á sì mu ún. Ojú ń tì í. Àgbàlagbà tó dá dúró tó ń mu omi fún afẹ́fẹ́ wò. Àwọn tó ń kọjá ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Lọ́jọ́ kan, Hamidah, ìyàwó kékeré tó ń gbé ilé kejì, dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bàbá Ìyìn bu omi, ó mu ìdajì, ó na ìyókù sí i. Hamidah kò tètè gbà á, ó ń wò ó bóyá á ṣubú. Nígbà tí kò ṣubú, ó gbà á, ó mu ún, ó sì lọ gbé korobá rẹ̀ wá.

Bí wọ́n ṣe padà nìyẹn, ẹnìkan lónìí, ẹni méjì lọ́la. Amos náà wá, ó ń ṣe bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan rí. Bàbá Ìyìn ń tọ́ ọ wò fún gbogbo wọn títí ikùn rẹ̀ fi ń ró. Ibà kò wọ àdúgbò náà mọ́ lọ́dún yẹn, kò sì sí ẹni tó tún pè é ní omi iná àfi kí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Inú rẹ̀ dùn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ máa ń yára kún korobá. Wọ́n kì í dúró du okùn mọ́, wọ́n á pọn, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Kò sẹ́ni tó ní ẹ ò tíì jẹun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Mùbárákà pè é. Ó kí i dáadáa, ó wá ní wàhálà ni màmá ń kó bá àwọn. Dókítà ní kó máa mu omi púpọ̀, kò mu. Ó ní gbogbo omi Ìlọrin ló ń rùn bíi ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́, omi ojúde Beatrice ló ní òun fẹ́. Bàbá Ìyìn kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó fọ kẹ́ẹ̀gì tuntun, ó rọ ọ́ kún, ó gbé e lọ sí gáréèjì, ó sì fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìlọrin.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Mùbárákà tún pè. Omi ti dé. Màmá ti bu ú sí kọ́ọ̀bù, ó gbé e sí iwájú, ó kàn ń wò ó láti àárọ̀. Mùbárákà tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, màmá ní kì í ṣe ìwọ lo lomi. Ó gbé fóònù fún ìyá rẹ̀. Bàbá Ìyìn gbọ́ èémí rẹ̀.

Kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó dúró. Ó gbé kọ́ọ̀bù, ó jáde lọ sídìí kànga, ó bu omi.

"Ìyá Mùbárákà, ẹ ń gbọ́ mi? Mo ti bu ú o. Mo fẹ́ mu ún."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì mu ún gbogbo, láìyára, kí obìnrin náà lè gbọ́ bí omi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó tán, ó gbé fóònù sí etí. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ tí kọ́ọ̀bù kan eyín ní Ìlọrin, ó sì gbọ́ ọ tí obìnrin náà ń gbé omi mì, ó gbé e mì, ó sinmi, ó tún gbé e mì.

"Kò mà ta mí lẹ́nu," ni Ìyá Mùbárákà wí.

Bàbá Ìyìn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ní hùn-ún.

"Ta ló ń jókòó sórí búlọ́ọ̀kù mi?"

"Kò sẹ́ni."

"Kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀ o, Bàbá Ìyìn."

Ó ní kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé obìnrin náà kò ní padà wá. Wọn kò sọ ọ́, wọn kò sì pa fóònù. Bàbá Ìyìn bu omi mìíràn, ó sọ fún un pé òun ti tún bu ú, ó sì dúró kí Ìyá Mùbárákà náà bu tirẹ̀.